Lágbájá Dà Lónìí? Àjọṣe Láàárín Àwọn Àgbà Tí Wọ́n Ń Dá Gbé

  Ẹgbẹ́ tí ó pè mí wá síbí fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn kan fún àwọn àgbà àdúgbò tí ọmọ wọn ti wà lẹ́yìn odi, tí ọkọ tàbí aya wọn ti kú, tí wọn kì í rí ẹni kí ní àárọ̀ bí wọ́n bá jí. Wọ́n ní kí n wá sọ ohun tí ó ń so irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ mọ́ra ní àwọn ibi tí irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ ti wà fún ìgbà pípẹ́.

Ohun tí mo ní í sọ kò gùn, àlàyé rẹ̀ ni ó gùn. Àgbà tí ó ń dá gbé nílò ibì kan tí ó jẹ́ pé, ní ọjọ́ tí kò bá yọjú, ẹnìkan yóò wò yíká, yóò ní, "Lágbájá dà lónìí?", yóò sì dìde lọ kan ìlẹ̀kùn rẹ̀. Gbọ̀ngàn tí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ tí a torí ẹ̀ kọ́ ọ, ì báà jẹ́ pé abẹ́ igi ni wọ́n ń jókòó sí. Èyí tí kò bá sí nínú rẹ̀, bí wọ́n tẹ́ táìsì síbẹ̀, tí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kọ́ ara ògiri, àga lásán ni wọ́n tò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí Japan, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti dójú tì wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi wá nǹkan ṣe sí i. Ìlú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tokyo tí ń jẹ́ Matsudo. Ní ọdún 1960, ìjọba kọ́ ọ̀wọ́ ilé alájà síbẹ̀, fúláàtì tí ó lé ní 4,000, wọ́n ń pe ibẹ̀ ní Tokiwadaira. Nígbà náà, ibi tí gbogbo ojú ń wọ̀ ni. Àwọn tọkọtaya tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ sí Tokyo ló ń du yàrá ibẹ̀: ilé ìdáná ti ara ẹni, balùwẹ̀ ti ara ẹni, ìlẹ̀kùn irin tí ó ń pa dé gbọin. Ẹni tí ó bá ti inú ilé tí gbogbo ẹbí ń gbé pọ̀ wá, tí ìyá ọkọ ń ṣọ́ ọ láti àárọ̀ dalẹ́, ìlẹ̀kùn yẹn yóò dùn mọ́ ọn nínú. Ogójì ọdún kọjá. Àwọn ọmọ kó lọ, ikú mú ọ̀pọ̀ ọkọ, ìyàwó tí ó wọ ibẹ̀ nígbà èwe di arúgbó, òun àti ìlẹ̀kùn irin náà ni ó kù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí a wà yìí ni wọ́n rí òkú ọkùnrin ẹni ọdún 69 kan nínú ọ̀kan nínú àwọn fúláàtì náà. Egungun ni wọ́n bá, torí ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ó ti kú. Bí ó ṣe lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni pé báńkì ń yọ owó ilé àti owó iná rẹ̀ lóṣooṣù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè. Kò jẹ gbèsè, nítorí náà kò sẹ́ni tí ó wá a. Ìgbà tí owó tán nínú àkáǹtì ni wọ́n tó wá kan ìlẹ̀kùn. Fún ọdún mẹ́ta gbáko ni àwọn aládùúgbò fi ń gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá, wọn kì í sì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọkùnrin náà kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, kò ní ibi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀, kò sí ojúṣe kan lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò dúró bí kò bá dé.

Àwọn ará Japan ń pe irú ikú bẹ́ẹ̀ ní kodokushi. Ní ọdún 2024 nìkan, àwọn ọlọ́pàá wọn ka ènìyàn 76,020 tí wọ́n ń dá gbé tí wọ́n sì kú sínú ilé, 58,044 nínú wọn ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba wọn yan mínísítà fún ọ̀rọ̀ àdáwà ní ọdún 2021, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti yan tiwọn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí mínísítà kankan tó wà ni ẹgbẹ́ àwọn olùgbé Tokiwadaira ti jókòó sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn. Wọ́n ṣètò ibi tí ènìyàn lè pè bí ó bá fura sí ilé aládùúgbò rẹ̀. Wọ́n bá àwọn tí ń pín ìwé ìròyìn kiri ojúlé sọ ọ́ pé bí ìwé ìròyìn àná bá ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà lónìí, kí wọ́n má dákẹ́. Ní ọdún 2007, wọ́n ṣí yàrá ìjókòó kan tí ó ń ṣí ìlẹ̀kùn fẹ́rẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́ láàárín ọdún. Ẹni tí ó bá wọlé yóò san 100 yen, owó tí kò tó ra ohun mímu inú agolo kan lọ́dọ̀ wọn, yóò mu kọfí, yóò jókòó títí tí ó bá wù ú.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí 100 yen yẹn. Ẹgbẹ́ náà ìbá ní kí àwọn àgbà máa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì gbà pé wọ́n gbọ́n. Ẹni tí ó sanwó kì í ṣe ẹni tí a ń ṣàánú. Ó lè sọ pé kọfí òní kò dáa. Ó lè jókòó láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kí ojú má sì tì í. Àwa tí a mọ bí ó ṣe máa ń rí lára àgbà láti wà níbi tí wọ́n ti ń pín ìrẹsì ìṣèlú, a ó mọ ohun tí mo ń sọ.

Ìròyìn obìnrin kan ní àdúgbò yẹn tún wà tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ti lé ní ẹni ọdún 90, ó ń dá gbé. Ó lọ bá obìnrin kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ nínú ilé òdìkejì, ó ní kí ó bá òun máa wo fèrèsé òun lójoojúmọ́. Bí òun bá fẹ́ sùn, òun yóò fa aṣọ bébà ojú fèrèsé náà dé. Bí òun bá jí, òun yóò ṣí i. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ó ṣì wà ní títì, kí ó yáa pe àwọn tí ó yẹ. Lọ́dọọdún ni ó ń fi èso ránṣẹ́ sí obìnrin náà láti fi dúpẹ́. Ẹ kíyè sí i pé kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan níbẹ̀. Obìnrin méjì ni, fèrèsé méjì, àti èso tí ó ń lọ lọ́dún kan sí òmíràn kí ọ̀ràn náà má baà di ẹ̀bẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, gbọ̀ngàn àgbà àkọ́kọ́ tí ìtàn fẹnu kò lé lórí wà ní àdúgbò Bronx ní New York. Ọdún 1943 ni wọ́n ṣí i, William Hodson ni wọ́n fi sọrí, ẹni tí ó jẹ́ kọmíṣọ́nnà ìrànlọ́wọ́ aráàlú ní ìlú náà kí ó tó bá jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú lọ ní oṣù kìíní ọdún yẹn. Ohun tí ó bí gbọ̀ngàn náà ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ìrànlọ́wọ́ ṣàkíyèsí pé bí àwọn arúgbó bá wá gbowó, wọn kì í fẹ́ lọ. Wọn yóò gbowó tán, wọn yóò tún jókòó. Wọn yóò padà wá lọ́la pẹ̀lú ìbéèrè tí wọ́n ti dáhùn lánàá. Ẹnìkan láàárín àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyẹn ni kò bínú sí wọn, tí ó yé e pé ìjókòó gan-an ni wọ́n wá ṣe. Wọ́n wá yàrá fún wọn, wọ́n gbé tábìlì síbẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn àgbà náà fi yan ìgbìmọ̀ tiwọn tí ó ń ṣàkóso ibẹ̀.

Ìjókòó pọ̀ kò sọ pé ìjà kò ní sí. Ní etíkun Venice ní California, ní àwọn ọdún 1970, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Barbara Myerhoff lọ jókòó ti àwọn àgbà Júù kan ní gbọ̀ngàn wọn. Ìlà oòrùn Yúróòpù ni wọ́n ti wá. Ọ̀pọ̀ wọn ti ṣe iṣẹ́ aránṣọ, wọ́n fi owó rẹ̀ rán ọmọ nílé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ di dókítà àti amòfin, wọ́n kó lọ sí ibi tí ó jìn. Àwọn òbí ń gbé nínú yàrá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun, owó ìfẹ̀yìntì tí kò tó nǹkan ni wọ́n ń jẹ. Àwọn àgbà yìí ń jà! Wọ́n ń jà lórí ẹni tí yóò di alága, lórí owó ẹgbẹ́, lórí ẹni tí kò kí ẹnìkan. Lọ́jọ́ kan wọn yóò búra pé àwọn kò ní í wá mọ́, lọ́jọ́ kejì wọn yóò ti wà lórí àga wọn kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Myerhoff kọ ìwé lé e lórí ní ọdún 1978, ó pè é ní Number Our Days, fíìmù tí wọ́n sì ti ṣe ṣáájú rẹ̀ gba ẹ̀bùn Oscar. Ohun tí ó rí níbẹ̀ ni pé ìjà yẹn wà lára ohun tí ó mú wọn dúró. Ẹni tí a ń bá jà, a ti gbà pé ó wà, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dùn wá. Ahọ́n àti eyín náà ń jà, inú ẹnu kan náà ni wọ́n ń gbé.

Nígbà tí ó tó àkókò, agbára àjọṣe yẹn hàn. Ẹnìkan tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ etíkun kọlu ọ̀kan nínú àwọn ìyá arúgbó náà, ìyá náà sì gba ibẹ̀ kú. Ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ náà ní òun kò rí i. Ọ̀rọ̀ "n kò rí i" yìí ni ó ká àwọn àgbà náà lára ju ohun gbogbo lọ. Àwọn tí wọn kì í gbọ́ ara wọn yé lórí owó ṣúgà gbé páálí àkọlé lọ́wọ́, wọ́n jáde pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn, wọ́n wọ́de lójú pópó etíkun níbi tí gbogbo ayé ti ń ṣeré, wọ́n ní àwọn ń bẹ láàyè. Ẹni tí ó bá dá wà nínú yàrá rẹ̀ kò lè wọ́de.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ìmọ̀lára ni mo ń sọ. Ẹ jẹ́ kí n mú ìlú Chicago wá, oṣù keje ọdún 1995. Ooru mú fún ọjọ́ díẹ̀ débi pé ó ju ìwọ̀n 40 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, ènìyàn 739 ni ó kú ju iye tí ó yẹ kí ó kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan yẹn. Onímọ̀ àwùjọ Eric Klinenberg lọ wo àwọn àdúgbò tí wọ́n kú sí. Ó bá àdúgbò méjì tí títì kan péré là wọ́n láàárín, North Lawndale àti South Lawndale. Òtòṣì pọ̀ ní méjèèjì, àgbà tí ó ń dá gbé pọ̀ ní méjèèjì. Ní ti àríwá, nínú 100,000 ènìyàn, 40 ni ooru pa. Ní ti gúúsù, 4. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ojú títì. Ní àríwá, ilé iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀bù ti kógbá sílé, ilé ti di ahoro, ẹ̀rù ń ba àgbà láti jáde, wọ́n ti fèrèsé mọ́ ara wọn lórí nínú ooru. Ní gúúsù, ọjà wà, ariwo wà, ìyá àgbà ń rìn lọ ra tòmátì, ẹni tí ó ń tà á fún un mọ̀ ọ́n. Àwọn ọkùnrin ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n dá kú, àwọn tí ẹbí wọn ti jìnnà sí wọn. Ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin yìí ń bọ̀.

Ibi tí mo ti rí i pé wọ́n ti sọ gbọ̀ngàn àgbà di ohun gbogbo àdúgbò ni Kòríà ti Gúúsù. Gyeongnodang ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ó sì ju 60,000 lọ káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Ó ṣọ̀wọ́n kí abúlé má ní, ọ̀wọ́ ilé alájà ńlá sì gbọ́dọ̀ wá àyè fún un. Ìjọba ń fún wọn ní ìrẹsì àti owó tí wọ́n fi ń mú yàrá móoru nígbà òtútù. Nígbà ooru, ibẹ̀ ni àgbà tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù nílé máa ń sá sí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà fúnra wọn ni wọ́n ń yan alága àti akápò, wọ́n ń dá owó ẹgbẹ́, wọ́n ń se oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n ń jẹ ẹ́ lórí ilẹ̀ pa pọ̀. Ní ìgbèríko, níbi tí ọ̀dọ́ ti tán, ọ̀pọ̀ ìyá àgbà wà tí ó jẹ́ pé oúnjẹ ibẹ̀ nìkan ni oúnjẹ gidi tí wọ́n ń jẹ lóòjọ́, torí ta ni yóò dáná nítorí ẹnu kan? Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́, àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò ní. Níbẹ̀, kálukú a mú nǹkan wá: ẹnìkan ewébẹ̀ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ẹnìkan ata tí ó ti lọ̀.

Àléébù wà nínú tiwọn náà, ẹ ó sì bá a pàdé nínú tiyín bí ẹ kò bá tètè ṣọ́ ọ. Ipò àgbà le lọ́dọ̀ wọn bí ó ṣe le lọ́dọ̀ wa. Ẹni ọdún 70 tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni ọmọdé ibẹ̀. Òun ni yóò fọ abọ́, òun ni wọn yóò rán níṣẹ́. Nítorí náà ọ̀pọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì kì í fẹ́ débẹ̀, àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀ ń darúgbó lọ, ẹni tuntun kò sì wọlé. Opó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti ìlú mìíràn lè jókòó síbẹ̀ fún oṣù kan kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní orúkọ rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wálé.

Àwọn kan nínú wa gbà pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni èyí, pé Yorùbá kì í dá wà. Iṣẹ́ ìwádìí kan wà tí ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Láti ọdún 2003 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn àgbà tí ó lé ní 2,000, ẹni ọdún 65 sókè, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Wọ́n rí i pé ó ju ìdá mẹ́rin àwọn àgbà náà lọ tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí ó le ti mú rí láyé wọn, ìdá 26.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n padà lọ wo àwọn tí kò ní i tẹ́lẹ̀, láti mọ àwọn tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, àìlera ara tí wọ́n ní ní ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni ó sọ ẹni tí yóò jẹ́. Láàárín àwọn obìnrin, ohun tí ó sọ ọ́ ni gbígbé ní ìgbèríko àti àìní àwọn tí wọ́n ń bá ṣe. Ẹ jẹ́ kí ó wọlé sí wa lára. Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára rẹ̀ tí ó sì ní ẹgbẹ́ lè sàn ju ìyá tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá tí kò ní ẹni tí ó ń wá a.

Báwo ni ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Nínú agbo ilé àtijọ́, ìkíni òwúrọ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí a kò kà sí iṣẹ́. Ọmọ yóò dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kan, yóò kúnlẹ̀ lẹ́nu òmíràn. Kí oòrùn tó yọ, gbogbo àgbà inú agbo ilé ni wọ́n ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí bàbá kan kò bá dáhùn, wọn yóò ti ìlẹ̀kùn wò. N kò sọ pé kí a padà sínú agbo ilé, torí mo mọ ìlara àti ìdíje tí ó wà níbẹ̀, mo sì mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ fi sá jáde. Mo kàn ń sọ pé nígbà tí a jáde, a kò fi nǹkan mìíràn rọ́pò ìkíni yẹn.

Ọmọ tí Ọlọ́run bá ràn lọ́wọ́ yóò kọ́ ilé fún òbí rẹ̀ lẹ́yìn ìlú, níbi tí ilẹ̀ ti pọ̀. Yóò mọ odi ga yí i ká, yóò gbé géètì onírin síbẹ̀, yóò gba ọmọ ọ̀dọ̀ kan àti ọlọ́dẹ kan. Tìfẹ́tìfẹ́ ni ó fi ṣe é, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ bú u. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ti ń gbé ní àdúgbò Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun fún àádọ́ta ọdún, tí wọ́n wá gbé lọ sí ibi tí ó jẹ́ pé ajá aládùúgbò nìkan ni ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀, irú ilé wo ni wọ́n gbé e sí?

Ọ̀rọ̀ àtẹ wá ni ó máa ń dùn mí jù. Ìyá àgbà ń ta bisikí, ìṣáná, ata gígùn àti magí níwájú ilé. Èrè ibẹ̀ kò tó ra bàtà. Ọmọ rẹ̀ ní Kánádà rí àwòrán rẹ̀ lórí WhatsApp, ojú tì í, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà mọ́. Àwọn ènìyàn á ní a kò tọ́jú yín. A ó máa fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù." Ìyá gbọ́ràn, ó palẹ̀ àtẹ mọ́. Owó ń dé, oúnjẹ wà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń wá ra ìṣáná ní ìdájí kò wá mọ́. Ọlọ́kadà tí ó ń dúró gba ṣéńjì, tí ó ń bá a ṣe yẹ̀yẹ́, kò ní ìdí tí yóò fi dúró. Ìyá alátẹ kejì tí wọ́n jọ ń ṣòfófó tí wọ́n sì ń bá ara wọn ṣọ́ ọjà kò ní ohun tí yóò bá a ṣọ́. Gbogbo àdúgbò ni ó ń mọ̀ bí kò bá pàtẹ lọ́jọ́ kan. Ní báyìí, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà níbí àti ẹ̀yin tí wọn yóò fi fọ́nrán yìí ránṣẹ́ sí, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ìyá yín máa pàtẹ. Bí ara rẹ̀ kò bá gbé e mọ́, ẹ bá a wá ohun mìíràn tí àwọn ènìyàn yóò máa torí rẹ̀ wá bá a. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmú kọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ̀dá nílò.

Ohun kan náà ni mo rò nípa owó ìjọba. Ní ọdún 2011, ìpínlẹ̀ Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn àgbà kan ní ₦5,000 lóṣooṣù, ohun ńlá ni nígbà náà, ó sì yẹ kí gbogbo ìpínlẹ̀ ní irú rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Òfin ọdún 2017 kan sì ti wà tí ó dá ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà. Kí ìjọba ṣe tiwọn. Ìjọba lè fowó ránṣẹ́, ó lè ṣòfin. Kò lè mọ̀ pé Bàbá Rísí kì í pẹ́ wá ní ọjọ́ Tuesday.

Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n dàgbà sí Lọ́ńdọ́nù mọ apá kejì ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n lọ kàwé, wọ́n dúró síṣẹ́, wọ́n fẹ̀yìn tì sínú fúláàtì ìjọba ìbílẹ̀, àwọn ọmọ sì ti ra ilé sí ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń lọ fún wákàtí kan. Láti ọdún 2010 tí ìjọba ibẹ̀ ti ń dín owó kù, ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn àgbà ni wọ́n ti tì pa. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí ni ó kù. Níbẹ̀, ẹni tí ó bá sá ìsìn méjì jẹ, ìyá ìjọ yóò pè é. Mo ń dárúkọ èyí torí ó fi hàn pé a mọ̀ ọ́n ṣe. Ìwé orúkọ ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ìwé àjọ, ìwé ẹgbẹ́ alásàlátù: gbogbo rẹ̀ ni ó ń sọ ẹni tí kò wá.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn yìí, ohun tí mo ní fún yín nìyí. Ẹ má kọ́ ọ sí ibi tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ nítorí pé ilẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ kọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ ọjà, níbi tí kẹ̀kẹ́ Márúwá ń já èrò sí, kí ó má ní àtẹ̀gùn, kí ilé ìyàgbẹ́ má jìnnà sí ìjókòó. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kí ó wà lọ́wọ́ àwọn àgbà fúnra wọn, kì í ṣe lọ́wọ́ káńsẹ́lọ̀ tàbí akọ̀wé yín, torí a ti rí gbọ̀ngàn tí wọ́n fi ìlù àti ijó ṣí tí àgádágodo sì wà lẹ́nu rẹ̀ títí dòní. Kí wọ́n dá owó tí kò ni wọ́n lára. Kí kálukú ní ojúṣe: ẹni tí ń se omi tíì, ẹni tí ń mú ìwé orúkọ, ẹni tí ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní àlọ́ lọ́sàn-án, ẹni tí ń tún àga ṣe.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin tí mo ní ó ń bọ̀ nìyí. Obìnrin yóò wá síbẹ̀ láti jókòó sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í jáde nílé nítorí ọ̀rọ̀ sísọ. Wọ́n ń fẹ́ ohun tí ọwọ́ wọn yóò wà lára rẹ̀. Ní Ọsirélíà, láti àwọn ọdún 1990, wọ́n ti ń kọ́ ìsọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ fún àwọn bàbá tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ń pè é ní Men's Shed, ó sì ti ju 1,000 lọ níbẹ̀. Àwọn bàbá ń gé pákó, wọ́n ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Nígbà tí ojú wọn wà lára ìṣó ni ẹnìkan yóò sọ pé láti ọjọ́ tí ìyàwó òun ti kú, òun kì í rí oorun sùn. Lọ́dọ̀ wa, ẹ gbé ọpọ́n ayò síbẹ̀, ẹ gbé òòlù àti ayùn síbẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí rédíò tí ó bàjẹ́ máa wá bá wọn láti gbogbo àdúgbò.

Ní ti ìwé orúkọ: kí agogo mẹ́wàá tó lù, kí ẹni tí ó mú un ti mọ ẹni tí kò dé. Kí wọ́n pe fóònù rẹ̀. Bí kò bá gbé e, kí ẹni méjì dìde, kí ó jẹ́ ẹni méjì tí orúkọ wọn ti wà níwájú tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì mọ aládùúgbò tí kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tuntun, kí wọ́n fi ẹnìkan tì í láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n má fi í ṣe ọmọ iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ Mùsùlùmí, bí ó bá jẹ́ Kristẹni, bí ó bá jẹ́ oníṣẹ̀ṣe, ìwé kan náà ni kí wọ́n kọ ọ́ sí.

Ìwé yìí kò nílò búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí ẹ pín ara yín sí méjì méjì, kí ẹ ti ojúlé kan dé òmíràn, kí ẹ béèrè àgbà tí ó ń dá gbé, kí ẹ bi òun fúnra rẹ̀ ní ìbéèrè méjì: ta ni ó kọ́kọ́ ń rí yín láàárọ̀, kí sì ni iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe? Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀. Kí ẹ tó pe ayàwòrán ilé, ẹ jẹ́ kí àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé náà pàdé lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ ibòòji èyíkéyìí, kí wọ́n yan alága wọn. Alága náà ni kí ẹ fún ní àwòrán ilé kí ó wò ó.